Mo Rí Ọwọ́ Rẹ̀

Mo ń ti àtẹ̀gùn onítáyà wọ orí ìtàgé nígbà tí ọ̀gá ẹgbẹ́ wa wọlé. Èèyàn méjì ló máa ń tì í, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ olùrànlọ́wọ́ kankan lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìdánrawò ìkẹyìn kí eré tó padà bẹ̀rẹ̀ ni, èyí tí a máa ń pe ẹbí àti aládùúgbò wá wò lọ́fẹ̀ẹ́, gbọ̀ngàn a sì máa kún débi ilẹ̀kùn. Kíkún yẹn gan-an ni mò ń dúró dè. Òótọ́ tó wà nínú mi kò ṣeé fi hàn nínú gbọ̀ngàn òfìfo, kò sì gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì. Òṣèré tuntun ni yóò sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yìí. Bí mo bá dákẹ́ tó sì ṣubú, èmi ni mo tì í.

Èmi ni mò ń bójú tó iná nínú ẹgbẹ́ òṣèré yìí. Ọ̀gá Iná ni wọ́n ń pè mí. Ilé ẹ̀kọ́ mi kò ní yàrá: wọ́n ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí mi, mò ń kà á lórí tábìlì ilé ìdáná, mò ń dáhùn ìbéèrè wọn, mò ń dá a padà. Kò sí olùkọ́ tí yóò nà mí, nítorí náà èmi ni mò ń na ara mi. Mo kórìíra ìfiṣòfò. N kì í gé wáyà tuntun bí àgékù bá wà nílẹ̀. Àwọn òṣèré a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ kú, n ó kọ́kọ́ dìde lọ pa iná yàrá. Oríyìn ni mo kà á sí. Ibi tí mo ti ń gbéra ga nìyẹn, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣubú.

Iná kan wà lórí àtẹ̀gùn náà. Nítorí pé a ń tì í wọlé, a ń tì í jáde, wáyà kò lè tẹ̀ lé e. Bátìrì ló ń lò, ojú afẹ́fẹ́ ló sì ti ń gbàṣẹ. Àpótí kékeré kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń fi eriali ránṣẹ́ sí i. Mo ní kó tàn, á tàn. Mo ní kó wálẹ̀, á wálẹ̀. A sì lè kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe bí kò bá gbọ́ àṣẹ mọ́: kó dúró bó ṣe wà, tàbí kó kú. Kó kú ni mo yàn, kí bátìrì má baà jó lásán. Ní ti eriali, ẹ̀kọ́ mi sọ ọ́ kedere pé òkè orí èèyàn ni kó wà, torí omi ló pọ̀ jù nínú ara ọmọ ènìyàn, omi a sì máa mu ìránṣẹ́ náà, fóònù tó wà nínú àpò wọn a tún máa pariwo bò ó. Mo dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa, wọ́n tilẹ̀ yìn mí. Ṣùgbọ́n kí eriali tó dé òkè, wáyà tuntun tó gùn ni a ó rà. Mo gbé e sábẹ́ tábìlì mi.

Ọkùnrin tó ń gun òkè lọ so iná fún wa, tó sì ń ti bátìrì wọlé, Ológbò ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè é. Èmi ń pè wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n torí wọ́n jù mí lọ. Wọ́n ní, "Ọ̀gá Iná, nǹkan yìí ń gbá mi lórúnkún. Ẹ jẹ́ kí n gbé e kọ́ sókè."

Mo ní, "Ẹ gbé orúnkún yín kúrò níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo tẹ bọ́tìnnì, iná tàn. Àga òfìfo ló ń wò wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí a ṣí eré, èrò pọ̀ débi pé àwọn kan dúró síwájú tábìlì mi. Àgbà òṣèré tí a ń pè ní Bàbá Ìtàgé ló ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ ọba tó ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n dé àárín, iná sì kú. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo tún un tẹ̀. Ọ̀pá àṣẹ wọn ni a kọ́kọ́ gbọ́ tó balẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn fúnra wọn. Egungun ìbàdí wọn ṣẹ́.

Gbogbo èèyàn sáré lọ bá wọn. Èmi, iná ni mo sáré lọ bá. Ẹni tó ń kérora wà lórí ilẹ̀, mo gbẹ́sẹ̀ kọjá lára rẹ̀ bí ẹni gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí àpò. Mo yí "kú" sí "dúró", kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tí mo yàn. Mo wá fa bátìrì jáde díẹ̀, bí èékánná ìka. Mo ké sí ọ̀gá ẹgbẹ́: "Ọ̀gá, ẹ wá wò ó. Bátìrì kò wọlé dáadáa." N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò yẹ kí n dárúkọ. Gbogbo wa la mọ ọwọ́ tó ń ti bátìrì síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a péjọ sí yàrá ìmúra. Ológbò ní, "Mo tì í, ó dún kà. Mo tún fà á wò, kò mì. Ọ̀gá Iná ló ń tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lọ́wọ́. Ẹ bi wọ́n."

Ọ̀gá ẹgbẹ́ yíjú sí mi. Ẹ gbọ́ ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ mi, ó burú ju bátìrì lọ. Mo ní, "Tọ́ọ̀ṣì ni mo dì mú. N kò wo ọwọ́ wọn."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ta ló ń di tọ́ọ̀ṣì mú tí kì í wo ibi tó tàn án sí?" Wọ́n tú bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń gun òkè, wọ́n fi lé orí àga, wọ́n sì lọ. Ìyàwó wọn tó ń rán aṣọ eré kò lọ ní tirẹ̀. Bí mo bá ń kọjá, á kàn fi eyín já òwú.

Oṣù díẹ̀ kọjá kí a tó rí ẹni rọ́pò Bàbá Ìtàgé; bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé ọ̀sán tí mò ń wí yìí. Bí mo bá gbé eriali sókè, wọ́n á bi mí ìdí rẹ̀. Bí n kò bá gbé e, a ó tún gbé ẹlòmíràn nílẹ̀. Mo lọ bá ìyàwó Ológbò pé kí ó bá mi pe ọkọ rẹ̀ wá. "Kó wá ṣe kí ni?" ó dáhùn, "kó wá bá yín di tọ́ọ̀ṣì?" Síbẹ̀ ó pè wọ́n.

Mo ní kí ọ̀gá ẹgbẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti bátìrì wọlé. Mo yí iná padà sí "kú", mo tàn án, ó dúró ṣinṣin. Mo ní, "Ẹ má yọjú kúrò lára rẹ̀." Èrò ń wọlé, àga ń kún, àwọn kan dúró síwájú tábìlì mi bíi ti ìjọ́sí. Iná náà ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Ó kú.

Mo fa tábìlì sẹ́yìn kí gbogbo ojú lè rí eriali nílẹ̀, mo sì sọ ohun tí mo ti sọ fún yín yìí láìfi ọ̀kan pa mọ́. Bàbá Ìtàgé wà lórí àga iwájú pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ti kú lórí ìtàgé yìí láìmọye ìgbà, mo sì ń dìde. Wáyà díẹ̀ ló fẹ́ sọ ọ́ di òótọ́?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí, àwọn àti Ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá Ìtàgé ní kí n dìde, pé ìdọ̀bálẹ̀ kì í tan iná.

Ológbò dìde láàárín èrò. Wọ́n mú wáyà tuntun tí mo fi owó ara mi rà, wọ́n gbé eriali há abíyá, wọ́n ju tọ́ọ̀ṣì sí mi. Wọ́n gun òkè, mo tan iná tẹ̀ lé ọwọ́ wọn. Wọ́n so ó, wọ́n fà á wò, kò mì. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yọ bátìrì, wọ́n tún un tì wọlé, ó dún kà.

"Ọ̀gá Iná, ṣé ẹ rí ọwọ́ mi?"

"Mo rí i, Ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ yẹn náà, mo rí i."

"Ó tó." Wọn kò sọ pé àwọn dárí jì mí, n kò sì tún bèèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ máa ṣọ́ bátìrì, ẹ máa ṣọ́ wáyà, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ènìyàn ṣòfò nítorí wọn. Mo yí iná sí "dúró", mo tàn án. Gbogbo èrò wà lórí ìjókòó, iná kò ṣẹ́jú. Òṣèré tuntun sọ̀ kalẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ yàrá iná lé orí tábìlì, mo gbé àpò mi, mo sì gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn jáde. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo fi iná sílẹ̀ ní títàn.