Ọkọ̀ Ojú Omi Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Ẹ má fi àga lọ̀ mí, ìyá mi, n ò jókòó! Bí mo bá jókòó inú mi á rọ̀, n ò sì fẹ́ kí inú mi rọ̀ lónìí. Àbúrò yín, ọkọ mi, fẹ́ ra ọkọ̀. Rárá o, kì í ṣe mọ́tò, ìbá jẹ́ mọ́tò ǹ bá dúpẹ́. Ọkọ̀ ojú omi! Ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì, àlòkù, èyí tí adìyẹ ń yé sí lẹ́yìn ilé ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ṣítù ní Jẹ́bà. Ó ní òun ó fi lọ́rì gbé e wá síbí, kí òun máa tún un ṣe lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa, bó bá wá dára tán, kí òun gbé e padà lọ máa fi kó èrò sọdá odò. Òkè-Òpin níbí o! Níbi tí à ń to garawa sẹ́nu kànga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn! Ṣíọ̀!

Ẹ ń mi orí. Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan! Ẹ bi mí léèrè ohun tó fẹ́ fi rà á. Igi obì mi ni! Igi obì tí màmá tó bí yín fi ẹnu ara wọn fún mi, ó ní òun ó fi dógò fún Olóyèdé ará Kóro, kí ìyẹn máa ká a títí òun ó fi rà á padà. Olóyèdé tí gbogbo wa mọ̀, tó jẹ́ pé ohun tó bá ti wọ ọwọ́ ẹ̀, ó di gbére! Ta ló gba nǹkan padà lọ́wọ́ Olóyèdé rí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n mí ná.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé látìgbà tí àbúrò yín ti fẹ̀yìn tì ní káńsù l'Ararọ̀mí ni ara ẹ̀ ò ti balẹ̀ mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní ìgbín lòun ó sìn. Ìgbín sá lọ. Ìyá mi, ta ló ń sin ìgbín tí ìgbín ń sá mọ́ lọ́wọ́? Nǹkan tí kò lẹ́sẹ̀! Ó tún ní oyin ló kàn, oyin lé e jáde nínú oko tara ẹ̀, ó ń ké Jésù, Jésù lọ lójú títì, àwọn ọlọ́kadà ń yà fún un. Mo gé alùbọ́sà, mo fi pa á lára, n ò rẹ́rìn-ín, ó kéré tán n ò rẹ́rìn-ín lójú ẹ̀. Àṣé èyí tó ju ìyẹn lọ ń bọ̀ lẹ́yìn! Ó lọ síbi òkú ẹnìkan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ní Jẹ́bà, ó rí ibi tí èèyàn ti ń wọ ọkọ̀ sọdá, ó ní ojú òun là. Ojú tí ò là láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ! Ó ya fọ́tò ọkọ̀ sórí fóònù, ó ń fi han àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó bímọ tuntun.

Mo ní, ó dáa, ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìyàwó ò jẹ́ kí ọkọ là. A mú Ebenezer dání, mẹkáníìkì tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní ìsàlẹ̀ ọjà. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe wo ọkọ̀ o! Wọ́n lé adìyẹ kúrò nínú ẹ̀. Ebenezer fa okùn ẹ́ńjìnnì, ó fà á, ó tún fà á, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó ké. Àbúrò yín pàtẹ́wọ́. Ó fi ìka kan ara ọkọ̀, kó-kó-kó, bí ẹni tó ń ra àgbọn, ó ní "Ó le!" Ó wá di ojú, ó gbàdúrà lé e lórí, Ebenezer ṣàmín. Ó parí! Àyẹ̀wò ti parí nìyẹn! Odò ńlá wà níwájú wa níbẹ̀, bẹ́ ẹ bá ju òkúta á bọ́ sí i, nínú àwa mẹ́ta tá a ti orí òkè wá, kò sẹ́ni tó rántí pé ká gbé ọkọ̀ sómi. Ṣítù náà ò sì rán wa létí. Kí ló kàn án? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń jẹ ní tiẹ̀, ó ń wò wá.

Ibi tí mo dúró sí ni mo ti rántí bí màmá ṣe máa ń ra akèrègbè. Ẹ rántí? Wọn kì í kánjú. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á gbé e lé ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n á wá máa bá ẹni tó ń tà á ṣàwàdà, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, wọ́n á béèrè ọkọ, títí ilẹ̀ abẹ́ akèrègbè á fi sọ bóyá ó ń jò. Èmi náà yá garawa lọ́wọ́ ìyàwó Ṣítù, mo pọn omi, mo dà á sínú ọkọ̀ yẹn. Ṣítù ní "Màmá, kí lẹ ń ṣe?" Mo ní mò ń fọ imí adìyẹ. Mo tún pọn, mo tún dà. Ìyá mi, mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, ó jò bí ajọ̀! Ó jò níwájú, ó jò lẹ́yìn, ẹsẹ̀ Ebenezer wọ inú ẹrẹ̀.

Ẹ mọ ohun tí àbúrò yín sọ? Ẹ dì mí mú o, kí n tó sọ ọ́. Ó wo omi, ó wò mí, ó ní, "Ìyá Joy, ṣé o ò rí i pé omi tó ń jáde nìyẹn? Bó bá jẹ́ pé ó ń wọlé ni, à bá máa bẹ̀rù."

Omi tó ń jáde! Ọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì ìjọba títí irun ẹ̀ fi funfun! Ṣítù ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ nù, ó ní "Ẹ ò rí nǹkan, Alàgbà Japhet mọ ọkọ̀!" Alàgbà wú bíi búrẹ́dì. Mo wò ó, ìtìjú mú mi débi pé ìyàwó Ṣítù ló ń bá mi gbé ojú sá.

Ta ló tiẹ̀ máa tún un ṣe? Òun? Òrùlé ilé ìdáná mi ń jò láti òjò èṣí, abọ́ ni mo ń gbé sábẹ́ ẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń sọ pé òun ń bọ̀ wá dí i. Ẹni tí kò lè dí ihò tó wà lókè orí ẹ̀ ló fẹ́ dí ihò tó wà lábẹ́ ìdí ẹ̀! Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Ta ló sì máa wà á? Àbí ẹ ti gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un? Odò tí ò dé ìbàdí! Ó so mọ́ pásítọ̀ lọ́rùn, ó ní àfi kí wọ́n jọ rì. Ẹ̀yin lẹ sọ ìtàn yẹn fún mi o, n ò tíì wọlé nígbà náà.

Ẹ jẹ́ n fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti ń dùn mí. Nígbà tí ẹsẹ̀ màmá kọ̀ tí ọwọ́ kọ̀, Kàdúná lẹ wà, n ò fi bú yín, ọkọ yín ló wà níbẹ̀. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń gbé wọn pọ̀n jáde sí oòrùn àárọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ wálé, wọ́n pe gbogbo yín jọ, wọ́n ní, "Ugi obì yìí, Susanna ni mo fún. Kí ẹnikẹ́ni nínú ulé yìí má fọwọ́ kàn án." Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣàmín! Igi obì yẹn ló ń rán Joy lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Bí Olóyèdé bá ti gùn ún, Joy ń bọ̀ wálé nìyẹn. Ó dùn mí, ìyá mi. Ó dùn mí wọnú egungun. Olóyèdé fúnra ẹ̀ ní òun ò ní gbà á àfi bí ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àgbà ilé bá fẹnu sí i. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kí ló dé tẹ́ ẹ ń wo ilẹ̀?

Kí nìyẹn lábẹ́ tábìlì? Páálí mọ́ọ̀tì mímu? Ta ló gbé e wá? Ẹ̀ẹ́n! Ó ti débí! Ó ti ṣáájú mi! Ó sì ní òun ń padà bọ̀ wá gbọ́ èsì nírọ̀lẹ́ yìí? Ẹ tún ń rẹ́rìn-ín! Kí ló sọ tó dùn tó bẹ́ẹ̀? Ó ní òun ó ṣe kí ni? Òun ó kọ orúkọ yín sára ọkọ̀? Họ́wù! Orúkọ tí èmi aya ilé ò gbọdọ̀ fi ẹnu pè, kí gbogbo èrò Jẹ́bà wá máa fi ìdí jókòó lé? Ohun tí wọ́n fi rà yín nìyẹn? Ọ̀dà pupa àti mọ́ọ̀tì?

Ó dáa. N ò jà mọ́. Ẹ jẹ́ kó rà á. Ohun kan ni mo ń béèrè: ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ wọ omi, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ẹ ó wé gèlè, ẹ ó jókòó níwájú níbi tí wọ́n kọ orúkọ yín sí, àbúrò yín ó fa okùn, èmi ó dúró létí odò, n ó máa juwọ́ sí yín. Họ́wù, kí ló dé? Ẹ ò ní wọ̀ ọ́? Ṣebí omi tó ń jáde ni!

Ẹ ní kí ni? Ẹ tún un sọ, etí mi ò gbọ́ dáadáa.

"Kí òun nìkan lọ kú sómi"! Háà, haa-haa-haa! Ìyá mi! Ẹ gbà mí, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí! Ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀! Ẹ rọra, ẹ dákẹ́, bàtà ẹ̀ nìyẹn lójúde, mo mọ ìró ẹ̀. Ẹ fa àga yẹn fún mi, n ó jókòó báyìí. Ẹ ṣí mọ́ọ̀tì kan fún mi. Ó ń kan ilẹ̀kùn, ẹ dá a lóhùn, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un, ẹ má yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀.