Ihò Kan Tí Mo Pa Rẹ́ Lórí Máàpù

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa dè mí mọ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n á gún mi ní abẹ́rẹ́ ikú ní Texas níbí. Ẹ má ṣàánú mi. Ọkùnrin tí mo pa ò rí bẹ́ẹ̀dì kú sí.

Iṣẹ́ wíwá èédú abẹ́ ilẹ̀ ni mo ń ṣe ní Dallas. Ẹ̀gbọ́n Múfú, ọmọ Ìsẹ́yìn tí àwọn náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló bá mi wá a. Ilé wọn ní Mesquite, lẹ́bàá Dallas, ni mo ń gbé, oúnjẹ ìyàwó wọn ni mo ń jẹ. A máa ń gbẹ́ ihò tóóró sínú oko olóko, a ó fa ilẹ̀ inú rẹ̀ jáde gbọọrọ bí ìrèké, a ó tò ó sínú àpótí. Bí èédú bá ṣe nípọn tó nínú ihò kọ̀ọ̀kan la fi ń ṣírò iye tó wà lábẹ́ gbogbo ilẹ̀ náà.

Ọ̀gá wa sọ fún mi pé bí èédú bá pọ̀, ilé iṣẹ́ á bá mi gba ìwé ìgbélùú. Bí ò bá pọ̀, kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Ihò mọ́kànlá ní èédú. Ìkejìlá, yanrìn lásán, láti òkè délẹ̀! Odò àtijọ́ kan ti gbá èédú ibẹ̀ lọ. Mo bá pa ihò náà rẹ́ lórí máàpù. Ihò kan ṣoṣo, kí ló fẹ́ fà?

Ẹ̀gbọ́n pè mí. "Àbúrò, ihò kejìlá dà?"

"Ẹ̀rọ ló bàjẹ́ níbẹ̀, sà."

"Irọ́ lò ń pa. Mo rí yanrìn náà nínú àpótí. Lọ sọ fún ọ̀gá kó tó di Mọ́ńdè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá sọ ọ́."

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, Ẹ̀gbọ́n lọ ya fọ́tò yanrìn náà ní ṣẹ́ẹ̀dì tí a ń kó àpótí sí. Mo tẹ̀lé wọn. Mo ti ilẹ̀kùn pa látìta, mo da bẹntiróòlù sí i, mo ṣáná. Wọ́n yọjú lójú fèrèsé onírin, wọ́n rí mi.

"Àbúrò, èmi ni o! Èmi Múfú ni! Mo wà nínú ilé o!"

Wọ́n rò pé mi ò mọ̀ ni. Mo dúró síbẹ̀ títí ohùn wọn fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà, mo lọ bá ìyàwó wọn sunkún. Ó ní, "Ọlọ́run á san ẹ́ lóore, àbúrò ọkọ mi."

Èmi onímọ̀ ilẹ̀, mo gbàgbé pé èédú ló ń jó, yanrìn kì í jó. Gbogbo yòókù di eérú. Yanrìn ihò kejìlá nìkan làwọn ọlọ́pàá bá nílẹ̀ gbalaja, tòun ti nọ́ńbà tí mo fọwọ́ ara mi kọ sára páànù àpótí rẹ̀. Wọ́n wo máàpù mi, wọn ò rí ihò kejìlá níbẹ̀, ni wọ́n bá mọ ohun tí mo ń bò mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá ìwé ìgbélùú, mo bẹ̀ yín, bí wọ́n bá ní kí ẹ padà sílé, ẹ padà. Ẹ lọ bá ìyá yín lọ́wọ́ òfìfo. Èmi ò ní padà mọ́. Ibí ni wọ́n máa sin mí sí, kò sì sẹ́ni tó máa lé mi kúrò.