Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Tí Mo Fà Sábẹ́ Gàárì Mẹ́ta

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ gbà mí o, ẹ̀rù ń bà mí. Láti ọjọ́ Sátidé, bí fóònù bá ti dún báyìí, àyà mi á já pà. Ọkọ mi rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló tún dé, ó ń rọ̀ mí kí n lọ rí dókítà. Kò mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi fa ohun tó ń lé mi kiri.

Highbridge là ń gbé, ní Bronx. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìgbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí ni mo dara pọ̀ mọ́ Bàbá Tóbi, ọkọ mi, nídìí iṣẹ́ tirẹ̀. Gàárì ẹṣin ló ń tún ṣe. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ẹṣin wà ní New York ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ni ṣọ́ọ̀bù wa, awọ, òwú àti ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá kan ló kún inú rẹ̀, a sì ń wà á kiri láti ọgbà ẹṣin kan dé òmíràn, títí dé ìpẹ̀kun Queens lọ́hùn-ún. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, bàbá náà sì fún un lófin kan: ẹni tó bá rán awọ kò gbọdọ̀ dán an wò fúnra rẹ̀, torí kò ní rí àléébù iṣẹ́ ara rẹ̀. Nítorí náà, òun á rán, èmi á dán wò. Màá gbé gàárì kọ́ irin inú bọ́ọ̀sì, màá di awọ tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ikùn ẹṣin mú, màá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, màá sì ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá. Bí kò bá já, màá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sábẹ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà wa mọ ìlà yẹn. Tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á gun ẹṣin wọn lọ láìbéèrè.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ẹnì kan bi ọkọ mi pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe báyìí. Ọkọ mi ní ṣe ni mo kàn ń bá òun jókòó sínú mọ́tò. Bá a jókòó! Èmi tí apá ń ro lálaalẹ́! Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú egungun. A ò bára wa sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Túsìdeè tí a lọ sí ọgbà ẹṣin kan ní Queens. Ó rán gàárì mẹ́ta, ó kó wọn sílẹ̀ fún mi, ó sì bọ́ sílẹ̀ lọ kí àwọn oníbàárà. Mo ní ṣebí jíjókòó ni mo wá jókòó. Mo bá jókòó lóòótọ́. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo fa ìlà sábẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò dán ìkankan wò. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀! Ta ni mo rò pé mò ń fìyà jẹ?

Nígbà tó di ọjọ́ Fúráìdeè, ó ń to ẹrù inú bọ́ọ̀sì, ó sì gbé òwú kan sókè. Ó ní òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sára awọ lòun ṣèèṣì fi rán àwọn gàárì Queens, pé òun ò bá ti sáré padà síbẹ̀.

“Àmọ́ ìwọ lo dán an wò, Ìyá Tóbi,” ló wí. “Ọkàn mi balẹ̀. Jọ̀ọ́, má bínú ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn?

Lówùúrọ̀ Sátidé, mo parọ́ fún un pé mò ń lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Laurelton, ní Queens. Mo kó òwú tó nípọn àti abẹ́rẹ́ awọ sínú báàgì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin, mo wọ bọ́ọ̀sì, adúrà ni mò ń gbà lọ. Nígbà tí mo dé ọgbà ẹṣin náà, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti gun ẹṣin. Mo kígbe pé kó má gùn ún. Mo di awọ abẹ́ gàárì rẹ̀ mú, mo fà á lẹ́ẹ̀kan péré, òwú tú, gàárì yí bìrí. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ní Ọlọ́run ló rán mi. N kò lè wò ó lójú. Gàárì kejì wà níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí, òun náà tú. Mo jókòó, mo rán méjèèjì, mo ní kí olórí ọgbà rọ̀ mọ́ wọn lójú mi, wọn ò já.

Ẹ̀kẹta ńkọ́? Olórí ọgbà ní ẹni tó ni ín ti ta ẹṣin náà tòun ti gàárì lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, àti pé ẹni tó rà á ti kó o jáde kúrò nílùú. Kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó tà á ò sì gbé fóònù mi. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni, ọkọ mi nìkan ló máa ń dá lóhùn.

Ọjọ́ mẹ́rin rèé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lanu láti sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti béèrè ohun tó fẹ́ jẹ. Nísinsìnyí, ó wà ní yàrá kejì, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń sọ fún ẹnì kan pé kò sẹ́ni tó lè dán awọ wò bí ìyàwó òun. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Níbì kan tí n kò mọ̀, ẹnì kan ti rí ìlà mi, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ sókè láti gun ẹṣin.