Ẹrù Orí Bọ́ọ̀sì Alàájì

Orí ìlà àwọn tó fẹ́ ra ẹran ni mo wà ní ọjà Ashton, nítòsí Manchester nílùú Òyìnbó, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí Alàájì kan ń bá mẹkáníìkì rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin ọmọ Yorùbá kan, sọ̀rọ̀ níwájú mi. Èmi kọ́ ni mo lọ fetí kọ́ wọn, ohùn Alàájì ló pọ̀.

"Bọ́ọ̀sì mi ń mu dísù jù. Tí mo bá wọ motorway, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, lọ́rì gan-an ń kọjá mi lọ. Bá mi pààrọ̀ gíà tó ń yí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè máa sáré."

"Gíà kọ́, Alàájì. Bọ́ọ̀sì iléèwé àtijọ́ tí ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù sí kí ẹ lè máa sùn nínú ẹ̀ lójú ọ̀nà, ìyẹn ò burú. Kí ló wà lórí ẹ̀ tí ẹ fi tapólì bò?"

"Ẹrù ilé ni. Fírísà, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìfọṣọ. A máa kó o lọ sí Ìlọrin lọ́dún tó ń bọ̀."

Lọ́dún tó ń bọ̀. Gbogbo àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ la máa ń sọ ọ́ nígbà yẹn.

"Ohun tí ẹ sọ fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Manchester náà nìyẹn, sà. Atẹ́gùn ń bá ẹrù yẹn jà lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì ló ń jìyà ẹ̀. Ẹ já a kalẹ̀, ẹ máa rí i bó ṣe máa sáré."

Ẹni tó ń ta ẹran pe Alàájì, kò gbọ́.

"Ìyàwó mi máa ń wo ẹrù yẹn lójú fèrèsé láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Tí mo bá já a kalẹ̀, kí ni kí n sọ fún un?"

Mẹkáníìkì ní:

"Ó dáa, sà. Ẹ jẹ́ kí ẹrù wà níbẹ̀, ká fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ná."