Ohun Tí Mo Túmọ̀ fún Ìyá Sàlámátù

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, wọ́n ń kí mi kú oríire oyè ọ̀jọ̀gbọ́n, n kò sì lè dáhùn kó dénú. Ìwé tí mo kọ nípa àwọn ọmọ tí ogun lé wálé láti Àbíjàn ni wọ́n torí rẹ̀ gbé mi ga. Orí kan níbẹ̀ dá lórí ọmọbìnrin kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Mo pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àṣeyọrí. Àṣeyọrí ta ni?

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Sàlámátù nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé e sá wálé. Ìyá rẹ̀, ọmọ onílùú lọ́hùn-ún, dúró ti ìyá tirẹ̀ tó wà lórí àìsàn. Bàbá fa ọmọ lé ìyá àgbà, ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀, lọ́wọ́, ó padà sí Àbíjàn, kò sì pẹ́ tó fi kú. Faransé nìkan lọmọ náà gbọ́. Gbogbo Jímọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń pè é lórí fóònù. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹkún ni, kò ní jẹun, kò ní bá ẹgbẹ́ ṣeré. Èmi, olùkọ́ yunifásítì tó gbọ́ Faransé, tí mo ń gun ọ̀kadà lọ bẹ̀ wọ́n wò nítorí ìwádìí mi, ni mo ní kí wọ́n dá ìpè náà dúró fúngbà díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a sọ Faransé mọ́, kí ara rẹ̀ lè tètè mọlé.

Ìyá àgbà wò mí títí. "Ọmọ tí wọ́n ti gbọmú lẹ́nu ẹ̀, ṣé a tún fẹ́ gba ohùn ìyá ẹ̀ létí ẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ó dáa. Ìwọ lo kàwé."

Díẹ̀ yẹn di ọdún mẹ́rin. N kò padà lọ sọ pé ó tó, ìwé ni mo ń kọ. Bí ìpè bá wọlé, ìyá àgbà á ní, "Sàlámátù wà dáadáa," ẹni tó pè kò gbọ́ Yorùbá, kò sì ní mọ̀ ju orúkọ ọmọ rẹ̀ lọ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ kan, ìyá ọmọ náà dé fúnra rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí wá ṣe ògbufọ̀. Ó mú bàtà pupa kan dání, ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ní kí n bi ọmọ bóyá ó mọ òun. Sàlámátù di ìró ìyá àgbà mú: "Tíṣà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gbé mi lọ. Mi ò mọ̀ wọ́n."

Mo yíjú sí ìyá, mo sọ ọ́ ní Faransé pé: "Ó ní ẹ káàbọ̀. Ojú ló ń ti òun."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kò ṣé kó. Obìnrin náà di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Látìgbà tó ti fi ọmọ sílẹ̀ padà sí Àbíjàn, èmi ló ń pè ní Jímọ̀ Jímọ̀ láti gbọ́ ohun tí ọmọ sọ, èmi náà sì ń wá nǹkan sọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní bí wọ́n bá ti gba ìsinmi iléèwé, òun ń bọ̀ wá mú un lọ. Ó bi mí pé, "Inú ẹ̀ ń dùn, àbí?"

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún ìyá pé ọmọ kò mọ̀ ọ́n, àbí kí n kọ́kọ́ sọ fún ọmọ pé èmi ni mo jẹ́ kó gbàgbé ìyá rẹ̀? Ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ọ̀túnla ni Jímọ̀.