Orúkọ Tí Mo Yọ Lórí Ẹ̀rọ Colette

Alága, nígbà tí mo pè yín pé kí ẹ fi orúkọ mi kún àwọn tó máa sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ìlú òní, mo ní ọ̀rọ̀ kòtò ojú ọ̀nà ilé mi ni mo ń bá bọ̀. Irọ́ ni mo pa fún yín. Mo pa á torí mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ohun tó wà nínú mi gan-an, ẹ ò ní fún mi láyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa gbohùngbohùn yìí. Gbogbo yín lẹ rí rọ́bà afẹ́fẹ́ tó wà nímú mi. Dókítà ti sọ pé ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́ tán, pé ó ṣeé ṣe kí yìnyín ọdún yìí má bá mi láyé. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọlẹ̀. Èmi Verna Holmquist tí mo ń fún yín ní nọ́ńbà ọkọ̀ ní káńtà ìsàlẹ̀ ilé yìí títí irun mi fi funfun, èmi tí ẹ ṣe àpèjẹ fún nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, èmi ni mo ṣe ohun tí ẹ torí rẹ̀ sọ Colette Belgarde sẹ́wọ̀n. Kì í ṣe Colette. Èmi ni.

Arlys, jókòó. Mo rí ọ tí ò ń dìde. Àbúrò mi ni ọ́, inú kan náà la ti jáde, ṣùgbọ́n a ti bo ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ jù, ó ti rà mọ́ wa lára. Jókòó kí ọmọ rẹ náà gbọ́ ọ, torí Janelle kò mọ̀. Janelle, tó o bá parí gbígbọ́ tí o kò fẹ́ rí mi mọ́, o kò jẹ̀bi.

Ẹ̀yin náà rántí ìgbà ìkórè àlìkámà ọdún yẹn. Janelle gun kẹ̀kẹ́ jáde, ó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ni píkọ́ọ̀pù kan bá gbá a láti ẹ̀yìn. Ọkọ̀ náà kò dúró. Obìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé pàdé rẹ̀ níbi tó ti ń sáré bọ̀, ó sì rí nọ́ńbà ara rẹ̀ kedere. Ó sọ nọ́ńbà náà fún ṣẹ́rífù, ọ̀gá ọlọ́pàá wa. Ó tún sọ ọ́ fún Arlys, torí ìyá lòun náà. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní àwọn ò tíì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ọmọ náà máa ṣeé tún ṣe tàbí kí wọ́n gé e. Duane, ọkọ Arlys, kò jẹun, kò sùn. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn níwájú yàrá ọmọ rẹ̀ bí ẹranko tí wọ́n sé mọ́lé. Ṣẹ́rífù wá bá wọn níbẹ̀, ó ní, "Ẹ ní sùúrù fún mi. Ẹnì kan wà tí à ń wá. Mi ò lè dárúkọ rẹ̀ fún yín báyìí." Duane ní, "Sùúrù! Ká ní ọmọ tìẹ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, ṣé wàá lè pe ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu?"

Ọjọ́ kejì ni Arlys wá bá mi ní káńtà. Ọ̀sán ni. Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀.

Ó ní, "Verna, nọ́ńbà ọkọ̀ náà rèé. Ta ló ni ín?"

Mo ní, "Arlys, mi ò lè ṣe é. Wọn ò gbà wá láyè."

"Wọn ò gbà yín láyè? Ọmọ tí o fi ọwọ́ ara rẹ wẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ yìí o!"

"Ṣẹ́rífù ló ní kí ẹ—"

"Ṣẹ́rífù ń bá ẹni náà bò ó ni! Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ lásán ni mo ń tọrọ. Mo tọrọ ìbọn lọ́wọ́ rẹ ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má báa ní mi ò mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ mi. Ẹni tó bá forúkọ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ìjọba ló sọ ibi tí òun ń gbé fún, kò sọ fún aládùúgbò, kò sọ fún ọ̀tá, kò sọ fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ló ń wà lára ọkọ̀, kí ẹni tó rí ọ lójú títì má lè tọ̀ ọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Èmi fúnra mi ni mo máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èmi ni mo kọ́ Colette.

Colette ti lọ ra oúnjẹ ọ̀sán. Tó bá ń jáde, ó máa ń fẹ́ ti ẹ̀rọ rẹ̀ pa, èmi ni mo máa ń sọ fún un pé, "Fi í sílẹ̀, màá bá ọ wò ó." Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ ṣeun o, Verna. Ẹ̀yin lẹ ń bá mi dín wàhálà kù." Ẹ̀rọ tèmi wà níwájú mi, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo dìde lórí àga mi, mo lọ jókòó sórí tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé torí tirẹ̀ yá ju tèmi lọ ni. Ẹ wo bí èèyàn ṣe lè purọ́ fún ara rẹ̀ ní kọ́rọ̀ yàrá! Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ náà máa ń pa orúkọ ẹni tó bá ṣí àkọsílẹ̀ mọ́. Kí ìka mi tó kan bọ́tìnì kan ni mo ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa já lé lórí bí ọ̀rọ̀ bá di ọ̀rọ̀.

Orúkọ tó jáde ni Einar Skogen. Mo mọ Einar. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bàbá arúgbó tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ń dá oko rẹ̀ ro ní àríwá ìlú. Ó yẹ kí orúkọ yẹn dá mi dúró. Ó yẹ kí n ní, "Arlys, Einar kọ́, ó ní bó ṣe jẹ́." Mo kàn rò pé bóyá bàbá náà ti mutí yó ni. Mo fẹnu sí etí àbúrò mi, mo sọ orúkọ náà àti ibi tí ilé rẹ̀ wà. Ẹyin ni ọ̀rọ̀ yẹn. Bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi ló fọ́.

Orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ kọ́ ni orúkọ ẹni tó wà á. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yẹn tó láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tó bá di ìgbà ìkórè, inú ọkọ̀ ni gbogbo wa máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sí lóko, kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ gbé e. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbá Janelle, Einar wà ní ìlú Minot, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un. Òṣìṣẹ́ kan tó gbà fún ìkórè ló gbé ọkọ̀ náà, tó gbá ọmọ wa, tó dá ọkọ̀ padà sẹ́yìn ilé ìkó-ọkà, tó sì fẹsẹ̀ fẹ. Ṣẹ́rífù ti mọ gbogbo ẹ̀. Òṣìṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń wá tó fi ní kí wọ́n ní sùúrù.

Arlys sọ orúkọ náà fún Duane, Duane sì lọ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu Duane fúnra rẹ̀ la ti gbọ́ ọ ní kóòtù. Ó ní Einar ṣílẹ̀kùn fún òun, wọ́n fi báńdéèjì bo ojú rẹ̀ kan. Bàbá náà ní, "Duane! Wọlé, wọlé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa ọmọ rẹ ni. Kọfí wà lórí iná." Duane ní òun rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Irin tí wọ́n fi ń tú táyà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bí òun ṣe ń lù ú ni bàbá náà ń pe orúkọ òun, tó ń bi òun pé, "Duane, kí ni mo ṣe? Duane, kí ni mo ṣe?" Einar kò tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ó wà láàyè díẹ̀, ó sì kú. Duane wọ ẹ̀wọ̀n, ibẹ̀ ló wà títí dòní. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ló fún un ní orúkọ, ó ní òun ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n bi Arlys, ó ní òun ò rántí.

Ni olùwádìí bá dé láti olú ìlú. Kò pẹ́ rárá tó fi rí i pé ẹ̀rọ Colette ni wọ́n fi ṣí àkọsílẹ̀ Einar. Colette sáré wá bá mi nínú yàrá tí a ti ń po kọfí. Ó ní, "Verna, ẹ dákun, ẹ bá mi sọ fún wọn. Mi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ bá mi wo ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, àbí?" Mo ní, "Farabalẹ̀, gbogbo ẹ̀ máa yanjú." Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ èyí tó burú jù báyìí. Tí mo bá dákẹ́ díẹ̀, èémí ni mo ń wá.

Nínú gbọ̀ngàn yìí gan-an ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ Colette, torí wọ́n ń tún ilé ẹjọ́ kọ́ nígbà náà. Púpọ̀ nínú yín wà níbẹ̀. Mo búra, mo jókòó. Lọ́yà ìjọba bi mí bóyá Colette mọ ìdílé Janelle. Mo lè ní mi ò mọ̀. Ì bá ti tó. Mo ní, "Ó mọ̀ wọ́n. Ó gbé ọbẹ̀ lọ bá wọn nílé ìwòsàn." Òótọ́ sì ni. Ọjọ́ tí Colette gbọ́ pé wọ́n gbá ọmọ àbúrò mi ló ti se ọbẹ̀ búlẹ́ẹ̀tì, ẹran lílọ̀ tí wọ́n yí rogodo sínú ọ̀dùnkún bí wọ́n ṣe máa ń sè é nílẹ̀ tirẹ̀, ó gbé odindi ìkòkò lọ fún Arlys àti Duane. Oore tó ṣe wá ni mo sọ di ẹ̀rí sí i lọ́rùn. Mo tún fi irọ́ lé e. Mo ní Colette sọ fún mi pé, ká ní òun ni, òun á wá ẹni náà rí kí ọlọ́pàá tó rí i. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́, nínú mọ́tò mi, nígbà tí mò ń dá sunkún.

Colette kò pariwo. Ó wò mí láti ibi tó jókòó, ó ní, "Ìkòkò ọbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin lẹ bá mi gbé e wọ mọ́tò." Adájọ́ ní kó dákẹ́.

Ẹ sì gbà mí gbọ́. Ẹ má bínú, ẹni tó ń kú lọ kò ní àkókò fún ẹ̀tàn. Ẹ bi ara yín ìdí tó fi rọ̀ yín lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Èmi jẹ́ ọmọ ìjọ yín, bàbá yín bá bàbá mi ṣọdẹ. Òun, ará Turtle Mountain ni, ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Íńdíà tó ti wà níbí ṣáájú wa. Mo mọ̀ pé ẹ máa gbà mí gbọ́, ẹ ò sì ní gba òun gbọ́. Orí ìyẹn ni mo gbé irọ́ mi lé nígbà tí mò ń búra.

Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, kò sí ọ́fíìsì kan tó fẹ́ gbà á. Ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tó wà nínú ẹ̀wọ̀n, ibẹ̀ náà ló wà nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé ìyá náà ti kú. Ní gbogbo àkókò yẹn, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń ṣe kéèkì fún bàsáà.

Lẹ́yìn tí dókítà sọ ti ẹ̀dọ̀fóró mi, mo wakọ̀ lọ bá a nílé rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, kò ní kí n wọlé.

Mo ní, "Colette, èmi ni mo ṣí àkọsílẹ̀ yẹn."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Ta ló kù? Èmi àtìẹ la jọ wà ní káńtà. Kí lo wá gbà?"

"Mo wá tọrọ ìdáríjì ni."

Ó wo ẹ̀yìn mi bíi pé ó ń wá ẹnì kan. Ó ní, "Àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ mi lọ́jọ́ náà dà? Ìwọ nìkan lo wá. Ìyá mi gbà pé mo pa bàbá arúgbó kan. Ìtìjú tìẹ ló gbé wọ sàréè, Verna, kì í ṣe tèmi. Ibi tó o ti purọ́ ni kó o lọ. Má padà wá síbí."

Mo ní, "Tí mo bá lọ sọ ọ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Wàá ti sọ ọ́ nìyẹn." Ó ti ilẹ̀kùn. Kò tilẹ̀ gbá a. Ó rọra tì í ni.

Mo ti wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní káńtà ìsàlẹ̀ báyìí, ẹ gbọ́ mi. Ẹni tó máa ba ayé yín jẹ́ kò ní mú owó wá. Ẹni tí ẹ fẹ́ràn ni, ojú rẹ̀ á ti wú fún ẹkún, nọ́ńbà ọkọ̀ á wà lẹ́nu rẹ̀. Kò ní jọ ẹ̀ṣẹ̀ lójú yín rárá. Á jọ àánú. Ẹ sọ fún un pé rárá. Kó bínú, kó bú yín, kó má bá yín sọ̀rọ̀ títí ayé, rárá náà ni kí ẹ sọ.

Ṣẹ́rífù, mo rí yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jókòó, ẹ lè mú mi tí mo bá parí, mi ò lè sáré. Ẹ má wá dì mọ́ mi, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ má sọ pé mo nígboyà. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀ yín sí, mo fi ìwọ̀nba èémí tó kù fún mi bẹ̀ yín. Alága, fóònù ń bẹ lórí tábìlì níwájú yín. Ẹ pe Colette Belgarde nísinsìnyí, níṣojú gbogbo èèyàn. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀, pé àwa la ṣẹ̀ ẹ́. Kí àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ. Mi ò ní dìde lórí àga yìí. Ẹ lè pa iná, ẹ lè máa lọ sílé, ibí lẹ máa bá mi. Alága, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ pè é.