Àmín Ìyá Ọmọ

Níbi tí a ti ń dúró kí wọ́n pààrọ̀ táyà ọkọ̀ wa ní Hillcrest Heights nílùú òyìnbó ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kan àti ìyá àgbà tó jókòó tì í. Nọ́ọ̀sì náà kàn ń dìde, ó ń jókòó.

"Fara balẹ̀, jàre. Ọmọ rẹ ṣì ń gbá football àwọn òyìnbó tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá yẹn?"

"Ó ṣì ń gbá a, mà. Tight end ni wọ́n ń pe ipò tó ń gbá. Ó máa ń fi ara dínà mọ́ àwọn alátakò. Tí wọ́n bá wá ju bọ́ọ̀lù sí i, bó bá ṣe hán an báyìí ni ọkùnrin méjì á ti kọlù ú."

"Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn? Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì la ń gbàdúrà pé kí wọ́n máa jù ú sí i."

"Ẹ ń gbà á, mo ń ṣe àmín. Tí mo bá délé, màá ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n jù ú sí i. Àwọn tó forí gbá nǹkan, tí wọn ò mọ orúkọ ìyá wọn mọ́, èmi ni mò ń tọ́jú wọn níbi iṣẹ́, mà."

"Wọ́n wá ń jù ú sí i?"

"Wọn ò jù ú sí i rárá ní sáà yìí. Ó pè mí láàárọ̀ pé wọ́n fẹ́ lé òun kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Ó ní, 'Mummy, ẹ bá mi gbàdúrà.'"

Ó tún dìde.

Wọ́n ní ọkọ̀ mi ti ṣe tán, mi ò gbọ́ ìyókù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ń gbàdúrà fún ọmọ ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mi ò lè dijú mọ́. Ẹnu ìyá ọmọ ni mo máa ń wò.